Ọmọ Mi Ló Ni Mọ́tò Náà

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga o! Mo gbọ́ ti àwọn ará iwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣeun. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, nígbà tí Ọlọ́run yọ ilé mi nínú wàhálà tí èmi fúnra mi fọwọ́ fà.

Dáyọ̀, àbígbẹ̀yìn mi, ra mọ́tò kan tó ní táńkì lẹ́yìn. Bí ilé ìgbẹ́ yín bá kún, mọ́tò náà ló máa fà á. Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi kọ ọ̀rọ̀ tí mo máa fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn àti Ìgbẹ́mọ lè rí wa. Nọ́ńbà yín ni ká fi síbẹ̀. Mi ò lè gbé fóònù nígbà tí páìpù bá wà lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Èmi tí gbogbo àdúgbò Fájuyì l'Ádó ń kí ní Màmá Tíṣà! Mo kọ ọ́ báyìí: "Ògo Titun, Olùtọ́jú Àyíká." Mo ní kó yọ àwòrán mọ́tò kúrò, kó fi òdòdó síbẹ̀.

Dáyọ̀ wò mí. "Màámi, ta ló máa mọ̀ pé ìgbẹ́ là ń fà?"

"Ẹni tó lóye á mọ̀. Ṣé gbangba la ti ń dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

Ará Ìkẹ́rẹ́ kan pè, ó ní ṣé a máa ń gé koríko. Ará Ìyìn kan ń wá òdòdó ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù dákẹ́. Mọ́tò jókòó sẹ́yìn ilé, adìyẹ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Bùkọ́lá ìyàwó Dáyọ̀, tó wà nínú oyún, wá bá mi. "Màmá, ẹnì kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ ní Sátidé wá wo mọ́tò náà. Bí ó bá rà á, Dáyọ̀ ní Èkó lòun ń lọ wá iṣẹ́."

Mo wọ yàrá, mo sunkún. Mo ní kí Ọlọ́run fi wá han àwọn oníbàárà. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi bò mọ́lẹ̀ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi hàn!

Ní Fúráìdè, a lọ sí àpérò ọlọ́jọ́ méjì tí àwọn obìnrin ìjọ wa ṣe ní Ìgbẹ́mọ. Ilé ìgbẹ́ kún, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ìyá Ìjọ ibẹ̀ dìde. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú sí wa. A wá ẹni tó máa fà á lórí fóònù títí, ti Àkúrẹ́ nìkan la rí, ó sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kò sí irú wọn ní Adó ni?"

Ẹnì kan láàárín wa pariwo, "Ta ni á jẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn l'Ádó?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Olúwa, ṣàánú mi.

Kò pẹ́, ìyá arúgbó tó jókòó tì mí fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Inú igbó la gbà. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, mo na ìborùn mi yí i ká. Ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á bá wọn wá ẹni tó máa tún ulé ìgbẹ́ náà ṣe." Mi ò lè ṣe àmín.

Inú igbó níbẹ̀ ni mo ti pe Dáyọ̀. "Pa gbogbo ohun tí mo kọ rẹ́. Kọ ọ́ pé: A ń fa ilé ìgbẹ́ àti sókàwéè tó bá kún. Adó la wà, a ń dé Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn, Ìgbẹ́mọ àti ìlú ìtòsí. Fi àwòrán mọ́tò síbẹ̀, kí páìpù rẹ̀ hàn."

Ó ní, "Màámi, ṣé ara yín yá?"

Mo padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀ Sátidé, kí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò tó dé, fóònù mi dún.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń fa ilé ìgbẹ́ l'Ádó? Ìgbẹ́mọ la ti ń pè."

Mo mọ ohùn náà. Ó wù mí kí n gbé fóònù fún Bùkọ́lá. "Àwa ni, Ìyá Ìjọ."

"Háà! Ohùn Màmá Tíṣà rèé!"

"Èmi ni. Ọmọ mi ló ni mọ́tò náà."

"Ẹ sì jókòó lánàá, ẹ ń bá wa rẹ́rìn-ín?"

"Mo jókòó, mà."

"Hẹn-ẹn. Ó dáa. Ẹ lọ jókòó síwájú mọ́tò náà, kí ẹ máa bá a bọ̀."

Mo wọ aṣọ àpérò mi, mo jókòó síwájú mọ́tò ìgbẹ́, a gba àárín ìlú kọjá. Nígbà tí a dé àpérò ní Ìgbẹ́mọ, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Ó tọ́ sí mi. Ìyá arúgbó náà gbé ọwọ́ lé Dáyọ̀ lórí, ó súre fún un. Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣe àmín!

Ìpè Ìkẹ́rẹ́ wọlé kí a tó padà. Dáyọ̀ dá ará Àkúrẹ́ náà lóhùn pé mọ́tò kì í ṣe títà mọ́. Olúwa, mo dúpẹ́! Mo tún dúpẹ́! Bùkọ́lá ti bí, bàbá ọmọ wà nílé.

Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe dúró yìí, kì í ṣe nítorí ìgbẹ́, nítorí ẹ̀rín tí mo rín ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró de ìdáhùn, ẹ má rẹ̀wẹ̀sì, Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́gbọ́n lára mi: ẹ má fi òdòdó bo iṣẹ́ ọmọ yín mọ́lẹ̀. Ẹ pè é lórúkọ rẹ̀, kí ẹni tó ń wá a lè rí i.