Eyín Ẹ́ńjìnnì Bàbá

Wọ́n ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ mi ní Bàríga lọ́jọ́ kan, kí a tó gbòmìnira, nígbà tí mo gbọ́ mẹkáníìkì kan àti bàbá kan tí wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí ẹ́ńjìnnì mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ti tú sílẹ̀.

“Ṣéènì inú rẹ̀ nìkan ni kí o pààrọ̀,” ni bàbá wí. “Eyín tó ń yí i ṣì dára.”

“Eyín wo? Ó ti mú ṣóńṣó bí eyín ajá! Ọ̀sẹ̀ kan péré ni yóò fi ba ṣéènì tuntun jẹ́.”

“Mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí ọ.”

“Ẹ ti ń wà á lóòótọ́. Ó ń ké bọ̀ láti Ọbáníkòró, ẹ ní orin ló ń kọ!”

Èmi gan-an bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wò mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọ̀la ni mo fẹ́ gbé ọmọ mi lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.”

“Aláboyún? Tí ṣéènì bá já lọ́nà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbẹ̀bí nínú igbó?”

Bàbá fọwọ́ kan eyín náà.

“Pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.”

“Kò lè yá lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wọ ọkọ̀ èrò.”