Èmi Ni Mo Túmọ̀ Igbe Wa fún Wọn

Ẹ dúró ná kí ẹ tó gba jẹ́sì lọ́wọ́ Ọláfúnkẹ́. Ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ pé eré mẹ́ta tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni ẹ ti pàdánù, mo sì gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ láti àárọ̀: pé ẹnì kan ló ń tà yín, pé ọmọ tí wọ́n bí sí Benin, tí ẹ bá fi Yorùbá kí i tó ń fi Píjìn dá yín lóhùn, òun náà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ti wà nínú mi láti ọdún 1983, òní ló sì gbọ́dọ̀ jáde, nítorí bí mo bá tún panu mọ́, á jẹ́ pé mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu mi. Èmi Fọláyẹmí kò pẹ́ ní iléèwé. Ara àkọlé ṣọ́ọ̀bù àti ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ìwé kíkà fúnra mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni màá sọ, bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí á rántí bí a ṣe wà nígbà náà. Àwa obìnrin Yorùbá tó ń gbé Benin, àwọn ti báńkì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àti àwa tí a ń ránṣọ tí a sì ń tajà ní ọjà Santana, la kó ara wa jọ tí a ń gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán Sátidé. A ò ga, a ò sì yára tó àwọn obìnrin báráàkì Ekenwan Road tàbí àwọn olùkọ́ tó ń ti Ekiadolor wá. Ohun kan ṣoṣo tí a fi jù wọ́n lọ ni ẹnu wa. Yorùbá la fi ń ké sí ara wa lórí pápá. Títíloyè, kápútéènì wa, ló máa ń ké e. Bó bá ti ní “Ẹ̀yìn,” ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní yíjú wò kó tó jù ú sẹ́yìn. Bó bá ní “Tàn wọ́n,” gbogbo wa á sáré bíi pé apá òsì là ń lọ, bọ́ọ̀lù á sì gba apá ọ̀tún wọlé. A gbà pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ wa. Yorùbá tó bá ti kúrò nílé máa ń rò pé èdè òun ni ògiri, pé ẹni tó wà ní òdìkejì kò létí. Ká sọ̀rọ̀ ènìyàn lójú rẹ̀ nínú mọ́tò, ká tún máa rẹ́rìn-ín sí i, ta ni kò ṣe é rí nínú wa?

Nígbà tí sáà ọdún náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, báńkì gbé ọmọbìnrin gíga kan wá láti Ìbàdàn. Bùrọ̀dá Adékúnlé, kóòṣì wa tó jókòó níbẹ̀ yẹn, rí i, inú rẹ̀ dùn. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Àǹtí Fọláyẹmí, ẹ̀yin lòpó tó gbé ẹgbẹ́ yìí dúró. Iyì tí ẹ ní lójú wa kò ṣeé fẹnu sọ.” Mo ti mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ kúrò lórí àga á kọ́kọ́ yìn ọ́ bí ẹni pé o ti kú. Mo bi í pé, “Ṣé màá gbá a àbí mi ò ní gbá a?” Ó ní, “Ẹ ó máa gbà wọ́n nímọ̀ràn láti orí bẹ́ńṣì.” Mo lọ jókòó. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi rán jẹ́sì gbogbo wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n pàdánù, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìlara ni. Mi ò ní orúkọ mìíràn tí màá pè é.

Izogie, ọmọ Benin, ń ta àlùbọ́sà nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi ní Santana. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ará báráàkì, ó sì mọ àwọn ẹgbẹ́ yòókù, torí pápá kan náà ni wọ́n jọ fi ń dánra wò. Ó gbé síìpù wá kí n bá òun tún un ṣe, ó wá ń bá mi ṣàwàdà: “Madam, that thing wey una captain dey shout, na prayer abi na curse?” Mo rẹ́rìn-ín. Ǹ bá ní àdúrà ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Mo ní, “When she shout ‘ẹ̀yìn’, na back the ball dey go.” Ó wò mí. “You sure say make I hear this one?” Òun gan-an bi mí o. Mo ní kó jókòó, ó ku púpọ̀.

Lọ́jọ́ eré àkọ́kọ́, Títíloyè ké pé “Ẹ̀yìn,” obìnrin báráàkì kan sì ti wà níbẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ní eré kejì, àwọn olùkọ́ Ekiadolor náà ti mọ̀ ọ́n. Títíloyè ní “Tàn wọ́n,” kò sẹ́ni tó tàn. Wọ́n tilẹ̀ ń bá a ké e, wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ni Títíloyè bá pè wá sílé rẹ̀, ó yí gbogbo igbe náà padà, ó kọ́ wa títí tó fi yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Ó se ìrẹsì fún wa. Mo jẹ ìrẹsì náà tán, mo nu ẹnu, mo sì gba ọ̀dọ̀ Izogie lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí eré kẹta burú ju méjì ìṣáájú lọ. Ìgbà náà ni gbogbo wa gbà pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Orí sìmẹ́ńtì yìí náà la dúró sí. Bùrọ̀dá Adékúnlé ní, “Ta ni nínú wa?” Ẹ̀rù bà mí pé bí wọ́n bá ń bi wá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú mi á tú mi fó. Mo rántí pé ọmọ Benin lọkọ Títíloyè. Mo ní, “Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹ ṣáà wo ẹni tí òun àti ọmọ Benin jọ ń sùn.” Ẹ̀yin kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, “Ẹnu rẹ̀ ló ń ké e lórí pápá, ilé rẹ̀ ló ti ń túmọ̀ rẹ̀.” Títíloyè ní, “Ọkọ mi kò mọ̀ ju ‘ẹ káàárọ̀’ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹun nílé mi, ẹ wò mí dáadáa.” Ẹ ò wò ó. Ẹ ní kó bọ́ jẹ́sì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù sí i lára níwájú àwọn tó wá wòran, mo sì tú ìborùn mi fún un kó fi bora. Ó ní, “Ẹ ṣé, àǹtí mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń lé mi kiri láti ọjọ́ náà. Mi ò sọ nǹkan kan fún Izogie mọ́, ẹ̀rù ò jẹ́. Ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í borí, ẹ sì ní ṣebí ẹ ti sọ ọ́, ìdọ̀tí ti jáde. Èmi náà padà sórí pápá, torí àyè ti ṣí sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo gbọ́ tí ẹ dárúkọ Ọláfúnkẹ́, mo lọ sí Ekenwan Road. Ọmọ Títíloyè ló ṣílẹ̀kùn. Mo ní, “Ìyá yín ńkọ́?” Ó yíjú sínú ilé: “Mummy, one woman dey speak Yoruba for door.” Ọmọ tí ìyá rẹ̀ máa ń fà lọ́wọ́ wá sí ìpàdé wa nígbà kan kó lè gbọ́ èdè. Láti ọjọ́ tí a ti lé ìyá, kò mú un wá mọ́. Kí Títíloyè tó jáde tán, mo ti wà lórí eékún, èmi tí mo dàgbà jù ú lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Ẹ dìde, àǹtí. Mo ti mọ̀. Kì í ṣe èmi, mo wá ń wo àwọn tó kù. Ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ka ni mo padà fura sí.” Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó ní, “Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Ẹ ti ń borí.” Ó wá ní, “Mo ti dárí jì yín. Àmọ́ níbi tí ẹ ti purọ́ mọ́ mi ni kí ẹ ti lọ sọ òótọ́.” Mo sunkún délé, oúnjẹ sì dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀.

Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ara mi fúyẹ́. Bí ẹ bá lé mi lónìí, màá lọ, màá sì sùn. Ẹ̀yin ọmọ tó ń gbá a nísinsìnyí, kò sẹ́ni tó ń tà yín. Ẹ kì í sáré padà bí wọ́n bá ti já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ yín, gbogbo ohun tó ń jẹ yín níyà nìyẹn, sáà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sáré tọ́ka sí ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ bi òun léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo purọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni pín in. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ní kó bọ́ṣọ, èmi nìkan kọ́ ni mo rẹ́rìn-ín. Bùrọ̀dá Adékúnlé, mo ti lọ bẹ Títíloyè ní tèmi. Ó wà nílé lọ́sàn-án yìí, mo béèrè kí n tó máa bọ̀.