Èmi Ni Mo Yí Bọ́tìnnì Hussain Padà

Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ní kí n jókòó. Bí mo bá jókòó, ẹnu mi á tún pa dé, ó sì ti tó ọdún méjì tó ti pa dé. Ohun tí mo ṣe sí Hussain ọmọ yín ló gbé mi wá láti Ìkẹ́nnẹ́, kí gbogbo ilé gbọ́ ọ lẹ́nu èmi Kọ́láwọlé fúnra mi. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ rántí ìdíje géèmù ọkọ̀ òfuurufú ogun tí wọ́n ṣe ní Ṣàgámù níbí, tí wọ́n ní ẹni tó bá gbégbá orókè ni wọn yóò rán lọ kọ́ṣẹ́ páílọ́ọ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Hussain ló kọ́ mi ní géèmù yẹn. Ó ní bí èèyàn bá ń sáré jù lójú ìjà, ẹńjìnnì á gbóná. Kí n máa ṣọ́ abẹ́rẹ́ ìgbóná, kí n tètè ṣí ojú rédíétọ̀ kí atẹ́gùn wọlé. Ẹni tó kọ́ mi ni mo dà.

Èmi àti òun ló kù ní ìparí. Ó ní, "Kọ́lá, bá mi ṣọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo fẹ́ lọ kírun." Kò tíì ṣe àlùwàlá tán tí mo fi yí bọ́tìnnì méjì padà: èyí tó ń ṣí rédíétọ̀ di èyí tó ń tì í. Ẹni tó ń lọ kírun!

Ìjà bẹ̀rẹ̀, a jókòó tira. Ó kígbe, "Kọ́lá, ó ń gbóná! Mo sì ti ṣí i!" Mo ní, "Tún tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹńjìnnì gbiná. Nígbà tó ń sunkún níta, mo dá bọ́tìnnì padà sí ipò wọn.

Àlàájì, ẹ sọ lójú mi pé, "Ẹni tí kò lè ṣọ́ ẹńjìnnì géèmù, ta ni yóò fẹ̀mí lé e lọ́wọ́?" Mo mi orí bí ẹni pé òótọ́ ni. Hussain padà sí ìsọ̀ obì, ó ń sọ fáwọn èèyàn pé òun ò mọ ọkọ̀ wà; èmi tí mo gbégbá orókè lọ síléèwé páílọ́ọ̀tì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú ọkọ̀ òfuurufú gidi tí mò ń wà lókè, abẹ́rẹ́ ìgbóná ń gòkè. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ọwọ́ mi kọ̀. Ohùn Hussain ni mo ń gbọ́. Olùkọ́ mi já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ mi: "Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Ká tó balẹ̀, mo ti tọ̀ sára.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléèwé láàárọ̀ yìí. Bí wọ́n bá lé mi, ẹ̀tọ́ ni. Ìyá Hussain, ẹ má sunkún mọ́, ẹ foríjì mí. Hussain, ìwọ ló kàn. Bú mi, gbá mi létí. Ṣùgbọ́n má tún sọ fẹ́nikẹ́ni láé pé o ò mọ ọkọ̀ wà.