Pákó Orí Kànga

Ẹ̀yin ará Básírà, ẹ má pariwo, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ̀mí tó bọ́ lára mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wàásù fún yín nínú mọ́sáláásì yìí pé kò sí ohun tí ẹ̀dá ń ṣe tí kì í ṣe kádàrá. Ẹnu mi dùn, ẹ sì ń sunkún. Òpùrọ́ ni mí.

Ẹ rántí Umayr, ọmọ Rayta, tó já sínú kànga àgbàlá yìí. Gbogbo yín lẹ ní ìyá rẹ̀ ló pọnmi láàárọ̀ tí kò dé kànga padà. Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣí i. Mo fẹ́ ohun gíga tí n ó máa jókòó lé ṣe wáàsí, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè máa rí mi, ìgbéraga burúkú! Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ti lé gbogbo yín wọlé, mo gbé pákó orí kànga, mo gé e, mo fi kan àga gíga, mo tẹ́ ẹní lé e. Mo ní bí mo bá kírun Àsárì tán, n ó wá òmíràn bò ó. Kí wọ́n tó pèrun, ọmọ ti kú.

Rayta ń fi Ọlọ́hun búra: "Mo dé e! Ẹ gbà mí gbọ́, mo dé e!" Simak ọkọ rẹ̀ ní: "Ìwọ lo pa ọmọ mi. Kó ẹrù ẹ, mo kọ̀ ẹ́ sílẹ̀." Rayta sáré tọ̀ mí wá: "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ẹ wá gbọ́ ìkà! Orí pákó yẹn gan-an ni mo jókòó sí, tí mo ní: "Ìyá Umayr, má bá kádàrá jiyàn. Wọ́n ti kọ ọ́ kí wọ́n tó dá ẹ." Ó fẹnu ko ọwọ́ mi, ó dúpẹ́, ó lọ.

Láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀ àìsàn, òun nìkan ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Lánàá, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó gbé àwo kalẹ̀. "Ọlọ́hun ló ni ẹ̀mí ọmọ mi, mo gbà. Pákó ńkọ́? Ta ló gbé e?" Mo ní, "Èmi ni." "Ta ló ń wò mí níran látìgbà yẹn?" "Èmi náà ni." Ó ní, "Lọ sọ ọ́ níbi tí o ti ń parọ́." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé mi wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi orúkọ Ọlọ́hun bo iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ́lẹ̀. Mo ti bẹ Rayta kó foríjì mí. Ó ní, "Ìyẹn wà lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì fẹ́."