Mo Sọ fún Kọmíṣọ́nà Pé A Ò Nílò Nǹkan Kan

Ẹ̀yin ènìyàn mi, lọ́la ni mò ń lọ sí Ìlọrin láti fi ẹnu ara mi sọ níwájú àwọn aṣòfin pé mo purọ́. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìlera ti ránṣẹ́ sí mi pé bí mo bá yanu, Borgu ni wọn yóò gbé iṣẹ́ mi lọ, níbi tí n kò ti mọ ẹnìkankan. Kí wọ́n gbé mi lọ! N ó sọ ọ́. Bàbá Fúnmi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ mí lọ́kàn.

Ọmọ Ògìdì ni mí, dókítà sì ni mí ní ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù ìjọba kan tí kò jìnnà sí Kabba, ní ìpínlẹ̀ tí Ìlọrin jẹ́ olú ìlú rẹ̀ lọ́dún 1982 yìí. Ẹni tí lọ́rì gbá, ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé wọn wá. Síbẹ̀ a ò ní sílíńdà ọ́síjìn kan ṣoṣo, àgbá irin tó ń fún ẹni tí kò lè mí ní afẹ́fẹ́. Nígbà tí a gbọ́ pé Kọmíṣọ́nà ètò ìlera ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò, ọ̀gá wa ní kí a lọ yá sílíńdà àti kúbùsù tuntun lọ́wọ́ ọsibítù àwọn oníjọ ní ìlú kejì. Èmi gan-an ni mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí mo nù ún títí ó fi ń dán. Àbí bí wọ́n ṣe tọ́ wa kọ́ nìyẹn, pé a kì í fi àròyé pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà? Kọmíṣọ́nà náà kò le rárá. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó bi mí pé, "Dókítà, kí lẹ nílò níhìn-ín?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "A dúpẹ́, sà. A ò nílò nǹkan kan." Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà la dá sílíńdà padà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́rì kan dojú dé, wọ́n sì gbé ìyàwó Bàbá Fúnmi, àgbẹ̀ ará Amuro, wá bá mi. Ẹrù ti tẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó wá pàdé Kọmíṣọ́nà. Ó wò yíká, ó kí mi ní ìkíni ilẹ̀ wa, ó ní, "Okun, dókítà. Àgbá tí mo rí níhìn-ín lọ́jọ́sí dà?" Mo yára rán ẹnìkan lọ sí ọsibítù àwọn oníjọ. Obìnrin náà kú kí ẹni tí a rán lọ yá a tó padà dé.

Mo kọ lẹ́tà sí Ìlọrin láti béèrè sílíńdà. Èsì tó dé ni pé Kọmíṣọ́nà fúnra rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu dókítà pé a ò nílò nǹkan kan. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni n bá bínú sí? Mo dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn dókítà, mo sọ ohun tí mo ṣe. N kò tíì jókòó tí àwọn méjì fi dìde pé àwọn náà ti yá ibùsùn rí nítorí àbẹ̀wò. Láti ọjọ́ náà la ti ń kọ ohun tí ọsibítù kọ̀ọ̀kan kò ní sílẹ̀, tí a ń lọ láti ilé aṣòfin kan dé èkejì, títí wọ́n fi gbà láti gbọ́ wa. Mo ti rò pé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni iṣẹ́ dókítà parí sí. Irọ́ ni!

Bàbá Fúnmi ti gbà láti bá mi lọ jẹ́rìí. Ó rò pé ìjọba ló fi nǹkan dù wá. Ojú fèrèsé ló ti rí àgbá náà lọ́jọ́ àbẹ̀wò, kò gbọ́ ohun tí mo sọ fún Kọmíṣọ́nà. Iṣu ló ń gbé wá fún mi, ó ní ọmọ rere ni mí. Ẹ̀yin dókítà ọ̀dọ́, bí aláṣẹ bá bi yín ní ohun tí ẹ nílò, ẹ má ṣe bí onílé tó ń ṣàlejò. Ẹ sọ ọ́. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ló fi ń lọlẹ̀ bá a. N kò ní jẹ́ kí Bàbá Fúnmi gbọ́ ọ láàárín èrò lọ́la. Ilé rẹ̀ ni mò ń lọ báyìí. Bó bá lé mi jáde, èmi nìkan ni n ó wọ mọ́tò Ìlọrin. Ẹ sáà bá mi wá gbólóhùn tí n ó kọ́kọ́ sọ fún un.