Ohun Tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Ṣe sí Ẹ̀yìn Afua

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àwa tí ń fọwọ́ wọ́ra ní àdúgbò Mamobi, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi lónìí. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èmi Mùkáílà, alága yín, ọdún méjì péré ló sá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni ìjọba yóò fọwọ́ sí ìwé ìlànà ìtọ́jú ìrora. Ọdún mẹ́rin la fi sáré kí wọ́n lè fi ìwọ́ra, màsáàjì tí à ń ṣe yìí, sínú rẹ̀, kí àwọn èèyàn má máa gbé oògùn ìrora mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà mọ́. Wọ́n ti gbà. Ogójì ọ̀dọ́ ni wọ́n ní kí n kọ́ níṣẹ́. Bí mo bá dákẹ́, ìpanilára ni wọn yóò kọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ mọ Afua, tó máa ń ru iṣu ní ọjà Kaneshie tẹ́lẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀yìn ló ń dùn ún tó fi wá bá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fi òrí wọ́ ọ, ara sì ń tù ú, ó tiẹ̀ máa ń sùn lọ lórí ẹní mi. Ká ní mo mọ níwọ̀n! Àmọ́ ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìwé náà ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa lọ́sàn-án ọjọ́ Alàmísì. Mo fẹ́ kó nàró níwájú wọn, kó gbé ẹrù karí. Ni mo bá ní kó wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n lé ìrora tó kù jáde.

Ẹ mọ òfin tí bàbá mi fi lé wa lọ́wọ́: bí aláìsàn bá ń ké, o ò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ kúrò. Ìrora ló ń jáde; bí o bá gbé ọwọ́, á padà wọlé. Mo fi orúnkún kàn án mọ́lẹ̀, mo fi ìgúnpá tẹ egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ké. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó fi èdè wọn sọ pé, "Papa, mepa wo kyɛw, gyae!" Ó ń bẹ̀ mí pé kí n dáwọ́ dúró, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké, ìlú yìí ni wọ́n kúkú bí mi sí. Mo ní kí Mutala àbúrò mi dì í lẹ́sẹ̀ mú. Afua gé mi lọ́wọ́ jẹ. Mo gbá a létí, mo ki àkísà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìkà ni mí. Mutala ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti rọ o! Ẹ dìde lórí ẹ̀!" Kàkà kí n dìde, mo fò sókè, mo fi gbogbo ara já lé e lẹ́yìn. Nǹkan dún páú. Ó dákẹ́. Mo sì rò pé ìrora ti jáde!

Ìgbà tí mo ní kó dìde, tí ìdí rẹ̀ ò sún, ni ojú mi tó là. Ó dákú. Mutala ní ká sọ òtítọ́ fún àwọn àlejò. Mo fi ọmọ ọlọ gbá a lẹ́nu, eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, mo sunkún fún wọn pé inú ọkọ̀ trotro ló ti já bọ́, pé ká ní ìwọ́ra wà nínú ìlànà ìjọba ni, wọn ì bá ti tètè gbé e wá bá mi. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Afua jí, kò lè rìn mọ́, ó sì rojọ́ títí. Mo ní ìrora ló ń mú un sọ ìsọkúsọ. Ẹ wá wo ojú mi!

Ìwọ́ra dára, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, orúkọ tèmi ni kí wọ́n yọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tí ẹ ń wọ́ bá ní ó tó, ó ti tó nìyẹn, ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Lánàá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Afua níbi tó ń gbé ní Dansoman. Kò dárí jì mí. Ó ní òun fẹ́ fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún yín. Kwabena ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pọ̀n ọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.