Ẹ Ní Táìlì Lásán Ni

Rárá o, ẹ má tíì bẹ̀ mí, ọkọ mi kékeré! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde kó tó pa mí sínú. Ẹ̀yin tí mo bá nílé yìí nígbà tí wọ́n mú mi wọlé, tí ẹ ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, tí mi ò pe orúkọ yín rí títí dòní, ẹ̀yin lẹ wò mí lójú tí ẹ ní táìlì lásán ni?

Lásán kẹ̀! Ta ló tò ó sí ògiri balùwẹ̀ yẹn? Ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín ni? Àìsàn ti mú wọn lẹ́sẹ̀ nígbà yẹn, orí ike ọ̀dà ni wọ́n ń jókòó sí, bí wọ́n bá to mẹ́rin wọ́n á sinmi, wọ́n á mumi, wọ́n á tún to mẹ́rin. Ìlà àárín yẹn wọ́ díẹ̀, mo ní ká pe ẹlòmíràn wá tún un ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀, ìyàwó mi. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, ojú mi ṣì ń ríran." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, a sin wọ́n. Ìyẹn ni lásán?

Kí ni mo ní kí ẹ ṣe? Ihò mẹ́rin péré, tí a ó fi kan irin ìdìmú Màmá mọ́ ògiri, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ yẹn. Mo ní ẹ dúró dè mí, kí n lọ mú wọn bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà, màá bá yín bomi. Ẹ ò dúró! Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò yẹn, gìrìrìrì, mo mọ̀ pé ẹ ti yí i sí ibi tó máa ń gbá bí òòlù. Áà! Lórí táìlì! Kí n tó sáré dé ibẹ̀, táìlì ti dún kẹ́ẹ̀, ó ti sán látorí ihò, ó gba inú ìlà tó wọ́ yẹn kọjá dé igun.

Ọdún mẹ́ta lẹ fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín o! Èmi tí mi ò kọ́ṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á lẹ téèpù mọ́ ojú ibẹ̀ kí irin má yọ̀, wọ́n á fi irin tó wà fún táìlì sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á pa ibi tó ń gbá yẹn, wọ́n á wá máa lu ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn ò ní fi ara tì í, èmi á máa ta omi sí i kó má gbóná. Ṣebí wọ́n máa ń sọ fún yín pé ohun ẹlẹgẹ́ ò fẹ́ alágbára, onísùúrù ló ń fẹ́? Ẹ gbàgbé ni? Ẹ dá mi lóhùn!

Kí lẹ wí?

Ẹ sọ ọ́ sókè.

Ẹ dijú? Ẹ dijú lu ú, kó lè tètè parí, kí ẹ lè jáde níbẹ̀? Háà. Látọjọ́ tí a ti sin ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ò wọ balùwẹ̀ yẹn rí? Àgbàlá lẹ ti ń wẹ̀, èmi rò pé ooru ló ń mú yín!

Ẹ dákun, ẹ má sunkún mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi ni mò ń ráhùn, ẹ má gbà á lẹ́nu mi.

Ó dáa. Ó tó. Ẹ nu ojú yín, Màmá ò lè máa dúró de ẹkún wa. A ó sún irin ìdìmú náà sísàlẹ̀, níbi tí kò sán. Ẹ gbé ẹ̀rọ, mo ti bomi. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ lajú yín sílẹ̀, ọkọ mi kékeré. Ẹ là á dáadáa, kí ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yín.